Bọ́ọ̀lù Mélòó Ni Ó Tó Ayíbọ́ọ̀lù?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tí ó fẹ́ràn eré bowling máa ń bi ara wọn, yálà níbi tí wọ́n ti ń so okùn bàtà eré ni o, tàbí níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lẹ́yìn tí eré bá parí, kò sí èyí tí ń mú ariwo lọ́wọ́ tó èyí tí ó dàbí ẹni pé ọmọdé lè dáhùn: bọ́ọ̀lù mélòó ni ó tó ènìyàn? Ẹnìkan á ní ọ̀kan péré ni. Ẹlòmíràn á ní mẹ́fà kò tíì pọ̀. Ẹni tí ń tà á yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn káńtà rẹ̀, nítorí pé iyekíye tí wọ́n bá fẹnu kò sí, ọ̀dọ̀ òun náà ni wọn yóò ti wá rà á.

St. George ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ sí, ní ìkangun àríwá Staten Island, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá aláwọ̀ ọsàn ti ń já èrò Manhattan sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn láti ọdún 1997. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé níbẹ̀, ìbéèrè yìí kúrò ní ti ẹnu lásán, ó ní ìwúwo tí apá ń gbé. Ẹni tí ó ń gbé St. George tí kò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì fẹ́ lọ yí bọ́ọ̀lù ní Rab's Country Lanes tí ó wà ní Hylan Boulevard ní àdúgbò Dongan Hills, bọ́ọ̀sì S78 ni yóò wọ̀ ní èbúté, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ kan náà, kí ó sọ̀ ní Dongan Hills, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ohunkóhun tí ó bá sì pè ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọ́ ọ lọ, tí yóò tún wọ́ ọ bọ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń lò máa ń tó ìwọ̀n pọ́ùn 14 tàbí 15, òfin kò sì gbà kí ó ju 16 lọ. Mẹ́ta oní-15 ti di pọ́ùn 45, láìka bàtà, aṣọ ìnura àti báàgì tí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú. Nígbà tí atẹ́gùn òtútù oṣù Kìíní bá ń fẹ́ bọ̀ láti orí omi, tí yìnyín sì ti dì sí etí ọ̀nà, ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó ti ka bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó tó jáde nílé.

Eré ìdárayá kì í ṣe àjèjì ní St. George. Ní 1880, lórí pápá ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì tí ó wà níbẹ̀, wọ́n ṣe ìdíje tẹ́nìsì tí wọ́n pè ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1886, Erastus Wiman, oníṣòwò tí ń wá èrò fún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, kó ẹgbẹ́ baseball Metropolitans wá síbẹ̀. Ní òdìkejì omi, nítòsí ibi tí ọkọ̀ náà ti ń gbéra ní Manhattan, ni Bowling Green wà, ilẹ̀ tí ìjọba ìlú fi háyà ní 1733 kí àwọn ènìyàn lè máa yí bọ́ọ̀lù lórí koríko rẹ̀, tí owó ìháyà náà sì jẹ́ ẹyọ ata kan ṣoṣo lọ́dún. Eré orí koríko yàtọ̀ sí ti orí pákó tí a ń sọ. Ṣùgbọ́n ìbá ṣe pé bí owó eré ti rí nìyẹn títí di òní ni, àgbéyẹ̀wò yìí ì bá má wáyé rárá.

Nígbà tí àwọn àgbà eré pé jọ ní Beethoven Hall ní Manhattan, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, tí wọ́n dá American Bowling Congress (ABC) sílẹ̀ kí òfin eré náà lè jẹ́ ọ̀kan níbi gbogbo, ìbéèrè wa yìí kò tíì jẹ́ ìbéèrè. Igi ni bọ́ọ̀lù ìgbà náà: lignum vitae, igi tí ó le, tí ó sì wúwo débi pé bí a bá sọ ọ́ sínú omi, rírì ni yóò rì. Ní 1905 bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n sọ ní Evertrue dé. Ní 1914 ilé-iṣẹ́ Brunswick gbé tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ Mineralite jáde. Rọ́bà líle sì jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́ọ̀lù líle lórí ilẹ̀ pákó, ọwọ́ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Andy Varipapa, tí a bí ní Ítálì tí ó sì di ọ̀jẹ̀ ní New York, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún idán tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ya fíìmù rẹ̀, ti pé ọmọ ọdún 55 nígbà tí ó gba ìdíje All-Star ní 1946, ó sì tún gbà á ní 1947. Ní ayé irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní bọ́ọ̀lù kan tí ihò rẹ̀ bá ìka rẹ̀ mu ti kúrò ní ẹgbẹ́ ẹni tí ń yá ti onílé lò.

Fún àwa ènìyàn dúdú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Òfin ẹgbẹ́ ABC sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè wọlé, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1950. Ìdí nìyẹn tí àwọn dúdú fi dá National Negro Bowling Association sílẹ̀ ní Detroit ní 1939. Ọdún 1986 ni George Branham III di dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife nínú ìdíje PBA, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi eré yìí jẹun. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, kì í ráyè ka irinṣẹ́.

Ohun tí ó sọ bọ́ọ̀lù kan di púpọ̀ ni epo, ẹni tí kò bá sì mọ iṣẹ́ epo kò lè dá sí àríyànjiyàn wa. Ẹ jẹ́ kí a tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà pákó tí bọ́ọ̀lù ń gbà fún ìgbà díẹ̀. Láti ìlà tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá dé ibi tí igi kìíní nínú igi mẹ́wàá tí a fẹ́ wó dúró sí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 41½, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 ni ó sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti etí dé etí. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan yóò rìn lọ lórí rẹ̀, yóò sì fi epo kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó fi jẹ́ pé àfi ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó níbi tí iná ti tàn sí i ni yóò rí dídán rẹ̀. Epo náà yóò dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ìyókù yóò sì wà ní gbígbẹ. Ní gbọ̀ngàn tí tẹrú-tọmọ ń lò, wọn a máa da epo púpọ̀ sí àárín, wọn a sì fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí bọ́ọ̀lù tí ó bá ṣìnà lọ sí ẹ̀gbẹ́ lè rí ibi gbígbẹ dì mú, kí ó sì padà wálé, kí èyí tí ó bá sì ṣì sí àárín lè yọ̀ lọ láìyà jù. Inú rere onígbọ̀ngàn ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọwọ́ àwọn ni ó dára.

Bọ́ọ̀lù tí a bá yí yóò kọ́kọ́ máa yọ̀ lọ bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí ọwọ́ wí fún un. Ìgbà tí ó bá kúrò nínú epo ni yóò tó gbọ́, tí yóò yà, tí yóò sì gba àárín igi kìíní àti igi kẹta wọlé, bí ẹni tí ó yí i bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Igun tí ó fi wọlé ṣe pàtàkì: nǹkan bíi digírì 6 ni àwọn tí ó wọ̀n ọ́n rí pé ó dára jù fún wíwó gbogbo igi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ìbú ọ̀nà náà kò sì gba bọ́ọ̀lù tí ń lọ tààrà láyè láti dé irú igun bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wá bọ́ọ̀lù tí ń yà. Wàyí o, epo kì í dúró sójú kan. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń kó nínú rẹ̀ lọ, ó sì ń wọ́ díẹ̀ lọ síwájú. Nígbà tí ènìyàn mẹ́wàá bá ti yí bọ́ọ̀lù gba ojú kan náà fún eré méjì, ibẹ̀ ti gbẹ, bọ́ọ̀lù tí ó ń wọlé geere ní ìrọ̀lẹ́ yóò wá máa tètè yà, yóò sì ré igi kìíní kọjá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí àwọn ayíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ń pè ní Brooklyn. Ará St. George tí ó bá jù ú síbẹ̀ kò kúkú jù ú jìnnà. Òdìkejì omi ni Brooklyn wà sí i.

Nígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ènìyàn lè sún ẹsẹ̀ sí òsì, ó lè fi kún eré tí bọ́ọ̀lù ń sá, ó sì lè gbé bọ́ọ̀lù mìíràn. Sísún ẹsẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi níyì lójú àwọn ènìyàn.

Gbígbé bọ́ọ̀lù mìíràn ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1973, ayíbọ́ọ̀lù kan tí ń jẹ́ Don McCune ń ri bọ́ọ̀lù oníke sínú kẹ́míkà kí awọ rẹ̀ lè rọ̀, kí ó sì lè máa di ojú ọ̀nà mú. Ó gba ife mẹ́fà lọ́dún náà, wọ́n sì fi í ṣe ayíbọ́ọ̀lù ọdún. Àwọn tí ń darí eré ṣe òfin pé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ rọ̀ kọjá ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́, kò ṣeé kó mọ́: gbogbo ayé ti mọ̀ pé awọ bọ́ọ̀lù lè ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bọ́ọ̀lù tí awọ rẹ̀ jẹ́ urethane dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, reactive resin tẹ̀ lé e, èyí tí ihò wínníwínní ara rẹ̀ ń mu epo, tí ó sì ń yà ju ohunkóhun tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ lọ, ni wọ́n bá ti urethane sẹ́yìn. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì yí bọ́ọ̀lù tún gbé urethane jáde, nítorí pé agbára ọwọ́ wọn ti pọ̀ jù fún resin lórí ọ̀nà gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ní 2022, ẹgbẹ́ USBC, tí ó jogún iṣẹ́ ABC ní 2005, ka bọ́ọ̀lù urethane kan, Purple Hammer tí wọ́n ṣe ní 2016 àti 2017, léèwọ̀ nínú àwọn ìdíje rẹ̀ nítorí pé ó rọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ McCune náà ni, ó padà wá lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Mélòó wá ni? Ìdáhùn àkọ́kọ́, tí ẹ kò lè gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń ta bọ́ọ̀lù, ni pé ẹ má rà rárá. Ìdílé tí ó ń kó ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ ìbí, ìbáà jẹ́ tiwa, ìbáà jẹ́ ti àwọn ará Làìbéríà tí wọ́n pọ̀ ní Park Hill ní Staten Island, kò ní ohun tí ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ara rẹ̀ ṣe. Ti onílé wà lórí pẹpẹ, láti orí fífúyẹ́ tí ọmọdé lè gbé dé orí pọ́ùn 16. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ihò tí a lù fún gbogbo àtàǹpàkò kì í bá àtàǹpàkò kankan mu: ẹni tí ó bá lò ó yóò máa fún un mọ́ ọwọ́ kí ó má baà já bọ́, nígbà tí yóò bá fi di eré kẹta, ìka á wú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti wọ líìgì, tí ó ń lọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣàìní èyí tí a wọn ọwọ́ rẹ̀ kí a tó lu ihò sí i.

Èwo ni yóò kọ́kọ́ rà? Níbí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pínyà. Wọ́n á ní kí ó ra resin, nítorí pé òun ni ó ń wó igi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà; èmi sọ pé oníke. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wó igi 9 lákọ̀ọ́kọ́ nígbà gbogbo, tí kò sì lè wó ẹyọ tí ó kù, 90 ni yóò ní nígbà tí ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá pé. Ẹni tí ó bá ń wó 9 kan náà, tí ó sì ń padà wó ẹyọ tí ó kù, 190 ni yóò ní, láìwó gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọgọ́rùn-ún odidi wà nínú ẹyọ igi kọ̀ọ̀kan wọ̀nyẹn. Igi kẹwàá, ọ̀tá ọlọ́wọ́ ọ̀tún, dúró sí igun ọ̀tún lẹ́yìn pátápátá, létí kòtò. Resin tí a bá rán sí i yóò rántí iṣẹ́ tí a dá a fún nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó débẹ̀, yóò sì yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Oníke kò mọ̀ ju tààrà lọ, epo ìbáà wà, epo ìbáà má sí. Owó rẹ̀ kò tó ti resin, kì í mu epo, ẹni tí ó bá sì tọ́jú rẹ̀ lè lò ó di arúgbó.

Lẹ́yìn oníke ni resin kan tí ń yà dáadáa, kí ó sì jẹ́ ti ìwọ̀n-tún-wọ̀n-sì, kì í ṣe èyí tí ó lágbára jù ní ṣọ́ọ̀bù. Méjì nìyẹn. Ògún Lákáayé, tí gbogbo irin ayé jẹ́ tirẹ̀, aládàá méjì ni àwọn baba wa ń kì í, nítorí pé àdá tí a fi ń ṣán oko kì í ṣe èyí tí a fi ń yẹ ọ̀nà. Méjì yìí náà ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń yí bọ́ọ̀lù ní líìgì, tí wọ́n ń bá irú epo kan náà pàdé ní gbọ̀ngàn kan náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ńkọ́? Mo gbà á pẹ̀lú àdéhùn kan: kí ó jẹ́ pé láti ojú ẹsẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, ibòmíràn ni yóò gbà. Bí méjì bá ń dé ibì kan náà, ọ̀kan nínú wọn di ẹrù tí bọ́ọ̀sì ń gbé. Kò ṣòro láti mọ̀: kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù nígbà tí ó bá padà wá sọ́wọ́, kí ẹ wo òrùka epo tí ọ̀nà fi sí i lára. Bí àwọn òrùka náà bá jìnnà síra wọn, bọ́ọ̀lù náà ń yí ojú tuntun sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, yóò yà púpọ̀. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn, jẹ́jẹ́ ni yóò máa lọ. Ẹ̀kẹta tí ó wúlò ni onírẹ̀lẹ̀ yìí, fún ìgbà tí ọ̀nà bá ti gbẹ. Kí ènìyàn sì tó rà á, kí ó fi sánpépà gbìyànjú èyí tí ó ní: awọ tí a ha tètè ń dì mú, awọ tí a dán ń yọ̀ lọ síwájú kí ó tó yà. Àárín ìdíje nìkan ni òfin kò ti gbà kí a ha á; ilé ni ẹ ó ti ṣe é.

Àwọn tí ń fi eré yìí jẹun ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Oríṣiríṣi ọ̀nà epo ni PBA ń tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sọ ní orúkọ ẹranko: ti Cheetah kúrú, ti Shark gùn, ohun tí ó ṣiṣẹ́ lórí èyí kì í ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Ẹni tí ó bá ní mẹ́wàá níbẹ̀ kò jayé jù, àwọn ilé-iṣẹ́ ni ó sì sábà máa ń fún wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará líìgì bá rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù wọn ni ojú rẹ̀ ń rí, kò rí epo tí ó wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìdíje ìlú dé ìlú lè wá mẹ́rin tàbí márùn-ún. N kò ní bá a jà.

Irú ìjiyàn tí ènìyàn máa ń gbọ́ sì nìyí, láàárín àbúrò kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹ́fà ni mo ní, gbogbo ẹ̀ ni mo sì ń lò.”

“Ó dáa. Mélòó lo gbé wá lálẹ́ yìí?”

“Méjì ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò rí bí bọ́ọ̀sì ṣe kún ni?”

Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí bọ́ọ̀lù máa wu ènìyàn, àwọ̀ wọn tilẹ̀ dára wò ju ọ̀pọ̀ ohun èlò eré mìíràn lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú mẹ́fà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn ti kú, tí ẹni tí ó ni wọ́n kò mọ̀. Epo tí resin ń mu lójoojúmọ́ kì í jáde fúnra rẹ̀. Bí a kò bá nù ún lẹ́yìn ìyílọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ọṣẹ rẹ̀ fọ̀ ọ́ kí ó tó di pé epo wọ̀ ọ́ lára, ihò wínníwínní náà yóò dí, bọ́ọ̀lù olówó ńlá yóò sì máa lọ tààrà. A lè fi ooru díẹ̀ fa epo náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù, a sì lè ha ojú rẹ̀ di tuntun. Ẹni tí ń ṣe èyí fún bọ́ọ̀lù méjì ní bọ́ọ̀lù ju ẹni tí ó ní mẹ́fà tí kò nù lọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bọ́ọ̀lù kò kú, ihò àtàǹpàkò ni ó ti tóbi. Òtútù a máa fún ọwọ́, ooru a máa wú u. Ẹni tí ó bá tinú òtútù èbúté wọlé, àtàǹpàkò rẹ̀ kéré sí ti ìgbà ẹ̀rùn. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, ọwọ́ kò ní tú sílẹ̀ lásìkò, bọ́ọ̀lù kò ní yà bí ó ti yẹ, yóò sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ lè dí ihò náà, kí wọ́n sì tún un lù, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti bọ́ọ̀lù tuntun; ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀pù kékeré tí a lẹ̀ mọ́ inú ihò ni ó máa ń tó, ẹyọ kan tàbí méjì ní ìgbà òtútù, tí a óò sì ṣí kúrò nígbà tí ooru bá dé.